Ìwé Ìdìbò Kékeré

Láti ibi iṣẹ́ òru ni mo ti gba ibùdó ìdìbò lọ ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Mi ò tíì sùn, mi ò tíì fi nǹkan kan ẹnu, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Àwọn arúgbó ni mo máa ń tọ́jú lóru ní kánńtì Prince George's (kánńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀), ní ìpínlẹ̀ Maryland níbí, ẹni tó bá sì ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí aago méje àárọ̀ bá ti lù, bẹ́ẹ̀dì nìkan lara ń béèrè. Ṣùgbọ́n ìdìbò mi àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ni. Mo ti sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé lọ́dún yìí, èmi náà á bá wọn yan sẹ́nétọ̀.

Kò sí èrò rárá. Arábìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ béèrè orúkọ mi, ó béèrè ilé tí mò ń gbé, ó béèrè ọjọ́ àti oṣù tí wọ́n bí mi. Mo ti fa láísẹ́ńsì mi yọ kó tó sọ̀rọ̀, ó ní kí n dá a padà sínú báàgì, òun ò nílò rẹ̀. (Ó yà mí lẹ́nu. Nílé lọ́hùn-ún, bí o kò bá mú káàdì ìdìbò dání, tí ẹ̀rọ kò sì dá ìka tàbí ojú rẹ mọ̀, ilé rẹ lò ń padà sí.) Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó wá na ìwé kan sí mi.

Mo lọ dúró nídìí tábìlì tóóró tí wọ́n fi páálí gbá lójú, mo ṣí bírò. Orúkọ àwọn tó fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé nìkan ni mo rí. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Mo yí i wò lẹ́yìn, bóyá ibẹ̀ ni àwọn sẹ́nétọ̀ fara pamọ́ sí. Mi ò rí sẹ́nétọ̀ kankan.

Mo padà tọ arábìnrin náà lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò fún mi ní ti sẹ́nétọ̀." Ó yí ojú ẹ̀rọ sí mi, ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi: mi ò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ó ní ìdìbò abẹ́lé ni wọ́n ń dì lónìí, àwọn Democrat ń yan ẹni tiwọn, àwọn Republican ń yan ẹni tiwọn, aláìlẹ́gbẹ́ bíi tèmi kò ní ju ti ilé-ìwé lọ. Mo ní ṣé mi ò lè wọ ẹgbẹ́ báyìí, kí n dì í, kí n máa lọ sùn. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ rí lè forúkọ sílẹ̀ lónìí gan-an kó sì yan ẹgbẹ́ tó wù ú, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nínú ìwé kò lè pààrọ̀ ẹgbẹ́ mọ́, gbèdéke rẹ̀ ti kọjá látinú oṣù Kẹrin.

Ẹ̀bi mi ni, àmọ́ bàbá mi náà ní ìpín tirẹ̀. Bàbá mi fojú rí wẹ́tìẹ̀ ní 1965, nígbà tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti ènìyàn lára nítorí ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn. Títí tó fi kú, ohun kan náà ló ń sọ fún àwa ọmọ rẹ̀: ẹ máa dìbò, ẹ má gba káàdì ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ń kọ fọ́ọ̀mù ìdìbò lẹ́yìn tí mo búra di ọmọ onílùú, mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè ẹgbẹ́, mo rántí ohùn bàbá mi, mo fi àmì sí ibi tó ní mi ò ṣe ẹgbẹ́ kankan. Bàbá àwọn ọmọ mi jókòó tì mí, ó yọjú wo tèmi, ó kọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú mi tún ń dùn pé orí mi pé.

Ohun tó mú un dùn mí ni pé irú àga yìí kì í ṣófo. Àwọn sẹ́nétọ̀ Maryland kì í tètè dìde. Paul Sarbanes lo ọdún 30. Barbara Mikulski náà lo ọdún 30. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí Sarbanes wọlé ì bá ti lọ́mọ tirẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀. Láti 1986 di 2024, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ìdìbò sẹ́nétọ̀ dé níbí tí ẹni tó wà lórí àga kò bá wọn dù ú: 1986, 2006, 2016, àti 2024. Ben Cardin, tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kìíní 2007, ló sọ ní oṣù Karùn-ún 2023 pé ó tó gẹ́ẹ́. Bí ẹni tó wà nípò bá ń du ipò rẹ̀ padà, kò sí ẹni gidi kan tí yóò fẹ́ ná owó sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ní òun ń lọ, gbogbo ẹni tó ti ń rẹ́ ọ̀bẹ sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́ á jáde.

Sẹ́nétọ̀ tiwọn sì lágbára ju tiwa lọ, ó kéré tán lórí ìwé. Ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́, ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Níbí, méjì méjì ni, ọdún mẹ́fà mẹ́fà, ìpínlẹ̀ ńlá ni o, ìpínlẹ̀ kékeré ni o. Wyoming, tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kò tó àwọn tó wà ní kánńtì tèmi nìkan, méjì ló ní bíi ti California. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ìyẹn fún mi kó wọ̀ mí létí.

Nínú àwọn Democrat, ẹni méjì ló ń du ipò náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ni David Trone, tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣojúṣòfin nígbà náà. Ọtí títà ló sọ ọ́ di olówó, òun àti arákùnrin rẹ̀ ló dá àwọn ilé ọtí ńláńlá tí wọ́n ń pè ní Total Wine sílẹ̀. Owó àpò ara rẹ̀ tó ná sórí ìdìbò abẹ́lé yìí lé ní mílíọ̀nù 60 dọ́là. Mo ní kí ẹ tún un kà.

Mo mọ ibi tí díẹ̀ nínú owó náà gbà lọ, torí ìwé ìpolongo ń wọ àpótí lẹ́tà wa bí òjò. Ìwé tó nípọn, tó ń dán, tí omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Mi ò jẹ́ kí wọ́n jù wọ́n nù. Bí mo bá ra ẹja, orí wọn ni mo ti ń họ ìpẹ́ rẹ̀. Bí mo bá sì ti ṣe tán, mo ká gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ìfun ẹja, ó di ilé ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ kan ọmọbìnrin mi àgbà ya fọ́tò orí ẹja kan tó ń wo ojú ọkùnrin náà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orúkọ ọmọbìnrin mi yìí ni wọ́n ń kọ sára gbogbo ìwé náà. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tèmi, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Mi ò bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Democrat ni ọmọ náà, wọ́n mọ̀, àwa la ò mọ̀ pé a ò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kejì ni Angela Alsobrooks, tó ti jẹ́ olórí kánńtì wa nígbà náà láti ìparí 2018. Kí ó tó débẹ̀, òun ni agbẹjọ́rò tó ń gbé ọ̀daràn lọ ilé ẹjọ́ fún kánńtì náà. Kò ní owó Trone, ṣùgbọ́n gómìnà wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 53 sí 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Trone ti fi àga aṣojúṣòfin rẹ̀ sílẹ̀ kó lè du èyí, nítorí náà àga méjì ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi sùn títí di ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ mi ló jí mi sọ fún mi.

Bó bá jẹ́ ọdún mìíràn ni, ibẹ̀ ni ìtàn ì bá parí sí. Láti 1980 tí Charles Mathias ti wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, Maryland kò yan Republican kankan ṣe sẹ́nétọ̀ mọ́. Ẹni tí Democrat bá mú ló ń wọlé, tó túmọ̀ sí pé oṣù Karùn-ún ni ìdìbò gan-an, oṣù Kọkànlá ni ayẹyẹ. Èmi tí mo ti pàdánù oṣù Karùn-ún, kí ni mo fẹ́ ṣe ní oṣù Kọkànlá?

Larry Hogan ló gbà mí. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùdíje pa ní oṣù Kejì 2024 ló yọjú, tó ní òun náà ń bọ̀. Republican ni, ó sì ti ṣe gómìnà wa láti 2015 di 2023, àwọn Democrat pàápàá fẹ́ràn rẹ̀. Ó dórí pé ní ìdìbò ààrẹ 2020, ó kọ orúkọ Ronald Reagan, ààrẹ Republican àtijọ́ tó ti kú láti 2004, sínú ìwé ìdìbò rẹ̀, kó má bàa dìbò fún Trump. Bàbá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí: ní 1974, nínú gbogbo Republican tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, òun nìkan ló fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n gbé lé ààrẹ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ òun náà lórí. Bàbá náà tún wá ṣe olórí kánńtì wa lẹ́yìn ìyẹn, lórí àga kan náà tí Alsobrooks jókòó sí nígbà náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ Hogan yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan, tó ti ń wa takisí níbí láti bí ọdún mélòó kan. Ní òde ìkómọ ni, a ń retí ìrẹsì.

"Ìyàwó wa," ó ní, "èmi ò mọ ẹgbẹ́, èèyàn ni mo mọ̀. Hogan dín owó afárá kù àbí kò dín in kù?"

Mo ní, "Ó dín in kù, sà." Òótọ́ ni. Bay Bridge tí à ń san dọ́là 6 lórí rẹ̀, ó di 4 ní 2015, onítakisí kì í gbàgbé irú oore bẹ́ẹ̀.

"Nígbà tí kòrónà dé, tí kò sí ohun tí wọ́n á fi ṣe àyẹ̀wò, ta ló ní kí ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Kòríà bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n fi bàálù gbé e wá?"

"Bọ̀dá mi, àwọn tó kọ́kọ́ dé yẹn kò wúlò. Wọ́n tún san owó lé e kí wọ́n tó pààrọ̀ wọn."

"Wọ́n ṣáà pààrọ̀ wọn."

Mo ní, "Ẹ̀yin ẹ gbọ́, sà. Gómìnà, òun nìkan ló ń jókòó sórí àga rẹ̀. Àwọn sẹ́nétọ̀, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n. Kí ó tó la ẹnu nítorí Maryland, wọ́n á kọ́kọ́ ka orí, wọ́n á wo ìhà tó pọ̀ jù. Ìhà tó bá pọ̀ ló ń mú olórí, ló ń sọ òfin tí wọ́n á jíròrò àti èyí tí wọ́n á sọ sínú àpótí, ìbò wọn náà ló ń gbé adájọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Bí ọmọ bá fẹ́ ọkọ, gbogbo ẹbí ọkọ ló fẹ́. Hogan dáa, ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ náà fẹ́ ẹbí ọkọ. Àwa rèé. Ṣé a pa ọ́?"

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi ló rẹ́rìn-ín jù. Mi ò rí èsì fọ̀.

Kò jẹ́ kí ó tán síbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ìròyìn jáde pé Alsobrooks ti ń gba ẹ̀dínwó owó orí lórí ilé tí kò tọ́ sí i kó gbà á lé, ní Washington àti níbí. Obìnrin náà ní òun kò mọ̀, òun á san ohun tó kù. Bọ̀dá mi fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹni pé mi ò rí ti àkọ́kọ́. Mi ò gbè obìnrin náà lẹ́sẹ̀. Èmi tí mò ń tọ́jú rìsíìtì òògùn òyìnbó pamọ́ nítorí owó orí, tí mò ń gbàdúrà bí lẹ́tà ìjọba bá dé, agbẹjọ́rò kan á ní òun ò mọ̀? Ó bí mi nínú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún ìṣirò mi ṣe, ibì kan náà ló ń já sí. Trump náà ò ran bọ̀dá mi lọ́wọ́. Nígbà tí Hogan ní kí gbogbo èèyàn bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ ilé ẹjọ́ New York lórí Trump, àwọn èèyàn Trump sọ fún un pé ìpolongo rẹ̀ ti parí. Ní oṣù Kẹfà, Trump fúnra rẹ̀ wá ní òun fẹ́ kó wọlé. Hogan kò bẹ̀ ẹ́. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Prince George's, ìwọ̀nba ìtìlẹ́yìn yẹn ju èébú lọ.

A dìbò ṣáájú ọjọ́. Láti ọjọ́ 24 sí 31 oṣù Kẹwàá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tètè dì í, láti aago méje àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́. Mo tún ti ibi iṣẹ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí èrò wà: ìlà yí ilé náà po, bàbá àwọn ọmọ mi gbé àga alákàpọ̀ wá bí ẹni ń lọ òde. Aláìlẹ́gbẹ́ tàbí ẹlẹ́gbẹ́, ìwé kan náà ni wọ́n fún gbogbo wa. Ìwé ńlá, tí ọ̀rọ̀ kún iwájú àti ẹ̀yìn. Mi ò ní purọ́, mo gbé e sí imú, mo gbóòórùn rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ihò kékeré kan wà tó rí gbọ̀ọ̀rọ̀ bí èso ẹ̀wà. Bírò dúdú ni èèyàn á fi kùn ún. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀, bóyá ti àìsùn ni. Ti ààrẹ, mo kùn ún kíá. Ti sẹ́nétọ̀, mo rọra ṣe é, mo bẹ̀rẹ̀ láti etí, mo ń bọ̀ láàárín, títí tí funfun kankan ò fi yọ mọ́ nínú ihò Alsobrooks. Mo yí ìwé padà. Àwọn adájọ́ tí mi ò mọ̀ rí wà níbẹ̀, ìbéèrè kan sì tún wà níbẹ̀ nípa ẹ̀tọ́ obìnrin lórí oyún, èyí tí ọmọbìnrin mi ti fi odidi ọ̀sẹ̀ kan wàásù rẹ̀ fún wa nílé. Nígbà tí mo ti ìwé náà sẹ́nu ẹ̀rọ, ó fà á mọ́ mi lọ́wọ́ bí ọmọ tébi ń pa. Wọ́n lẹ sítíkà mọ́ mi láyà. Mo fi sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò gangan, ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, iṣẹ́ ni mo wà. A yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kéde Alsobrooks, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí Maryland máa rán lọ bẹ́ẹ̀. Mo wọlé tọ ìyá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú, obìnrin dúdú ará ibí tó ti lé ní 90, tí kò tíì sùn. Ó ní ta ló wọlé. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní omi inú ife òun ti lọ́wọ́ọ́rọ́, kí n bá òun pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ìbò pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 55 sí 43. Ẹ wá wò ó: Kamala Harris gba nǹkan bí 63 ní Maryland, Trump gba 34. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe bíi ti bọ̀dá mi, tí wọ́n kùn ihò Harris lókè, tí wọ́n sì kùn ihò Hogan nísàlẹ̀. Mo ti ń rò pé òun nìkan ni. Ó pè mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kì í ṣe láti gba f'Ọ́lọ́run. Àwọn Republican ló gba Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà náà, 53 sí 47 ló padà jẹ́.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ìṣirò ẹbí ọkọ dà?"

Mo ní kí ó jẹ́ kí n sùn, sà.

Alsobrooks fi àga kánńtì sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá kó lè lọ búra ní oṣù Kìíní 2025, bẹ́ẹ̀ ni àga mìíràn tún ṣófo, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n fi ìdìbò abẹ́lé rẹ̀ sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹta. Mo ti pààrọ̀ ẹgbẹ́ mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọdún tó parí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, mo sì bẹ bàbá mi lọ́run. Nígbà tí mo débẹ̀, òṣìṣẹ́ ìdìbò wo ojú ẹ̀rọ, ó fún mi ní ìwé, mo rí àwọn orúkọ tí mò ń wá, wọ́n tò gẹ̀rẹ̀gẹ̀ wálẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi kò sọ̀kalẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń ní òun máa pààrọ̀ tirẹ̀ lọ́la, aláìlẹ́gbẹ́ ló sì wà títí dìgbà náà, wọn ò ní ìwé kankan fún un lọ́jọ́ yẹn, ti ilé-ìwé pàápàá kò sí. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó ń gbọ́ rédíò, ó ní kí n má pẹ́.